Èmi àti Màmá Àwọn Ọmọ Dé Ìkọ́gòsì

Látìgbà tí èmi àti màmá àwọn ọmọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, inú bọ́ọ̀sì wa la ń sùn tí a bá rìn jìnnà. Lánàá, a gba Ìyìn àti Arámọkọ lọ sí Ìkọ́gòsì, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ti ń dúró dè wá. Ọ̀kan tí a jọ jáde ní Christ's School, Adó, fi orúkọ ìnagijẹ mi kí mi! Ìyàwó rẹ̀ ti gúnyán kalẹ̀ (a ò kí i fiyán ṣeré l'Ékìtì).

A wá bọ́ bàtà níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé: ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀kan, ẹsẹ̀ kejì nínú èkejì. Inú màmá dùn, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó kan Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, ká lọ wo Arinta, omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó wà lọ́hùn-ún, a ń bọ̀ o!