Ẹ̀wà abẹ́ ike

Láàárọ̀ òní ni mo ṣí ike dúdú kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Àṣé ọmọ mi ti gbin ẹ̀wà mẹ́rin sínú agolo mílíìkì síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wá wò ó! Wọ́n ga fíofío, wọ́n pupa bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ọrùn wọn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ewé wọn ṣì pa mọ́ra. Àwọn ẹ̀wà mìíràn tó wà lójú fèrèsé kò ga tó ìdajì wọn, ṣùgbọ́n ewé tiwọn tutù yọ̀yọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ebi ló ń pa wọ́n." Mo ní rárá o, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Irúgbìn inú òkùnkùn ń ṣe bíi pé ilẹ̀ ṣì bo òun ni: gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ ló fi ń ga, ó sì ń tẹrí ba kí iyẹ̀pẹ̀ má baà ya ewé rẹ̀.

Jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú ara ohun ẹlẹ́mìí, ló ń darí gbogbo rẹ̀. Ní 1989, Joanne Chory, onímọ̀ nípa ewéko, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ewéko Arabidopsis kan tí jíìnì rẹ̀ tó ń jẹ́ DET1 bàjẹ́. Nínú òkùnkùn biribiri, ó kúrú, ó sì lawé bíi pé oòrùn ń ràn án. Ìyẹn ni pé jíìnì yẹn ló máa ń dá ewé dúró kí ilẹ̀ tó mọ́! Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an.

Mo gbé agolo náà sójú fèrèsé. Nígbà tí mo tọjà dé nírọ̀lẹ́, ọ̀kan ti ń na ọrùn, etí ewé rẹ̀ sì ti ń tutù.