Ọjọ́ kejì kòkó nílé kọfí

Mo tún gbé kòkó mi, èyí tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa mu dípò kọfí, lọ sí ilé kọfí tó gbà mí láyè láti dán an wò. Ife 6 péré la tà. Kì í ṣe pé kò dùn o, àwọn tó mu ún mu ún gbẹ.

Ti àná ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń po kọfí níbẹ̀ da hóró kòkó yíyan sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí. Mo mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì hóró kòkó ló jẹ́ ọ̀rá, àmọ́ ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ gbóná, ọ̀rá yọ́, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀, ó sì há. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan ká tó họ ọ́ tán. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọfí kì í ṣe báyìí." Mi ò rí èsì fọ̀.

Lónìí, ilé ni mo ti lọ̀ ọ́ kúnná, mo jẹ́ kó dì. Gíráàmù 25 là ń gé sí ife kan. A ó da omi gbígbóná díẹ̀ lé e, a ó lù ú dáadáa, ká tó fi omi tó kù sí i. Bí èèyàn bá kàn rọ́ omi lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rá á léfòó, ẹ̀lọ̀ rẹ̀ á sì rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ife. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Àwọn Aztec, ìran kan ní Mexico láyé àtijọ́, a máa dà á láti òkè, láti inú ohun èlò kan sínú òmíràn, títí ojú rẹ̀ á fi hó. Irin tó ń tu ooru sínú wàrà làwa fi ṣe tiwa. Ó dùn mọ́ mi nínú láti máa wò ó bó ṣe ń hó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò ní dúró wò ó.

Ọkùnrin kan bi mí pé ṣé kì í ṣe tíì ọmọdé nìyẹn. Kò jẹ̀bi. Látìgbà tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fún ọ̀rá kúrò lára kòkó, ní Netherlands lọ́dún 1828, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fún ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n rọ ṣúgà sí, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ó tọ́ tèmi wò, ó fajú ro, ó tún tọ́ ọ wò.

"Ṣé á là mí lójú bíi kọfí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Caffeine, èròjà tó ń lé oorun lọ, tó wà nínú rẹ̀ kò tó ti kọfí rárá. Theobromine, èròjà kan tó jọ caffeine, ló pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn kì í sì í ta èèyàn jí, díẹ̀díẹ̀ ló ń bá ara ṣiṣẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ra kọfí.

Nígbà tí mò ń kó ẹrù ni mo rí i pé ọ̀sán la ta ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fún àwọn tó ti mu kọfí tiwọn láàárọ̀. "Dípò kọfí" ni mo sì kọ gàdàgbà sára pátákó! Ẹni tó bá ka ìyẹn, kọfí ni yóò máa wá nínú ife. Mo nù ún, mo kọ ọ́ pé: "Kòkó gidi, láti aago 2 ọ̀sán."

Ọmọkùnrin yẹn kà á. "Ìgbà yẹn gan-an ni mi ò kì í níṣẹ́ lọ́wọ́," ló wí, ó sì da èyí tó kù sínú ife ara rẹ̀.