Bí Ilé Pòròpórò Ṣe Wọ Inú Ìwé Òfin, àti Ohun tí Ògiri Amọ̀ Àkúrẹ́ Ń Dúró Dè

Ní oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, mo gbé pláànù ilé kan lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni. Màmá kan, olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ni ín, ó sì fẹ́ kí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a pò mọ́ pòròpórò ìrẹsì, nítorí pé inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí màmá náà sí, tí ó sì mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa ń tutù ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ya pláànù náà tọkàntọkàn: ìpìlẹ̀ kọ́ńkéré, ògiri tí ó nípọn ní 450 mílímítà, òrùlé páànù tí etí rẹ̀ yọ síta gan-an kí òjò má baà na ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà á lọ́wọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ojú ìwé òfin tí irú ògiri yìí wà fún mi, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rí i.” Mi ò ní ojú ìwé kankan láti sọ. Bí mo ṣe gbé pláànù náà lọ ni mo ṣe gbé e padà.

Inú bí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ìbéèrè tí ó tọ́ ni ó bi mí. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni láti rí i pé kò sí ẹni tí ó fi itọ́ mọlé ní ìlú, bí ilé bá sì wó lu ènìyàn lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò bá lórí ìwé. Ohun tí ó dùn mí ni pé ògiri tí àwọn baba wa gbé inú rẹ̀ dàgbà, dàrúgbó, kò ní gbólóhùn kan tí ènìyàn lè tọ́ka sí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka bí àwọn tí ń fi ìdì pòròpórò kọ́lé ní Amẹ́ríkà ṣe la irú ọ̀nà yìí kọjá. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ṣòro láti gbà gbọ́ ju amọ̀ tiwa lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé koríko gbígbẹ ni wọ́n tò lé ara wọn bí búlọ́ọ̀kù, iná, òjò àti eku ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìpínlẹ̀ Nebraska ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń di koríko ní ìdì onígun mẹ́rin dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ó tẹ̀dó sí ilẹ̀ oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Sandhills, níbi tí igi ìkọ́lé ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n to ìdì náà, wọ́n rẹ́ ẹ nínú àti lóde, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Ilé ìjọsìn kan tí wọ́n kọ́ báyìí ní Arthur ní 1928 ṣì dúró. Lẹ́yìn náà, ohun èlò tí wọ́n ń tà ní ọjà gba ipò rẹ̀, ó sì di ohun ìgbàgbé títí àwọn kan fi tún hú u jáde ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Àwọn tí ó hú u jáde yìí ló bá irú ìbéèrè tí wọ́n bi mí pàdé. David Eisenberg ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wà lára àwọn tí ó bá àwọn òṣìṣẹ́ òfin ìkọ́lé jókòó, tí ó sì mú ẹ̀rù tí ń bà wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí òun gbọ́dọ̀ ṣe, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tí òun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun. Bí ẹ̀rù iná bá bà wọ́n, ẹ jẹ́ kí a gbé ògiri lọ síwájú iná. Ìdánwò náà sì fi hàn pé ìdì tí a fún pinpin kò fi ààyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tí iná nílò: ògiri pòròpórò tí a fi amọ̀ rẹ́ borí ìdánwò iná oníwákàtí kan, èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sì borí ti wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kashmir ní 2005, àwọn tí ń fi pòròpórò kọ́lé fún àwọn tálákà ní Pakistan gbé odidi ilé kékeré kan sórí tábìlì tí ń mì tìtì ní yunifásítì Nevada ní Reno, ní 2009, ilé náà kò sì wó.

Bí ẹ̀rí ti ń pọ̀ ni òfin ń tẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ New Mexico gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n òpó igi ni ó gbọ́dọ̀ ru òrùlé; California ṣe òfin tirẹ̀ ní 1995; ní 1996, Tucson àti àgbègbè Pima gbà kí pòròpórò fúnra rẹ̀ ru òrùlé. Ó tó 2013 kí àwọn tí ń ṣe ìwé òfin ilé gbígbé fún gbogbo Amẹ́ríkà tó dìbò gba àkọsílẹ̀ tí ayàwòrán ilé kan, Martin Hammer, ṣáájú nínú kíkọ rẹ̀, ó sì jáde nínú ìwé ti 2015 gẹ́gẹ́ bí Àfikún S. Ó lé ní ogún ọdún láti ìpínlẹ̀ kan dé odidi orílẹ̀-èdè.

Mo ka Àfikún náà bí ẹni tí ń ka lẹ́tà láti ilé. Ó ní ọ̀rinrin inú ìdì kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ kí a tó rẹ́ ẹ. Ó ní kí ìdì àkọ́kọ́ jìnnà sí ilẹ̀ ìta, kí a má sì ta ọ̀rá sáàárín pòròpórò àti ohun tí a fi rẹ́ ẹ, kí ògiri lè mí. Bíríkìlà àgbà kankan ní Oǹdó kò ní jiyàn sí ìmọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí a máa to ìdì pòròpórò ní Àkúrẹ́. Òjò tí ń rọ̀ síbí ń sún mọ́ 1,500 mílímítà lọ́dún, ikán wa kò sì ní fi í sílẹ̀. Amọ̀ ni tiwa, ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó wọ ààfin àtijọ́ ti Déjì, kí ó wo ògiri tó yí àwọn ùà ibẹ̀, ìyẹn àwọn àgbàlá rẹ̀, ká, irú bíi ùà ìkómọ tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Òfin Ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè wa jáde ní 2006. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a lẹ́jọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú àti ìfọwọ́sí ilé wà, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí ìpínlẹ̀ Oǹdó dúró de Abuja, gẹ́gẹ́ bí Tucson kò ti dúró de ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ amọ̀ náà wà nílẹ̀. New Zealand ti tẹ ìlànà ìkọ́lé amọ̀ jáde láti 1998, ìdánwò kan sì wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. A ó gbé bíríkì gbígbẹ dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀, a ó jẹ́ kí 100 mílílítà omi máa kán sí i lẹ́yọ lẹ́yọ láti òkè tó ga ní 400 mílímítà, láàárín 20 sí 60 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà a ó wọn ihò tí omi gbẹ́. Bí ihò náà bá jinlẹ̀ tó 15 mílímítà, bíríkì náà kò yege. Mo ṣe é pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi méjì. Ilẹ̀ pupa lásán kò yege, èyí tí a pò mọ́ pòròpórò ìrẹsì láti Ìgbẹmọ-Èkìtì sì yege, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríkì kan fọ́ kí ó tó gbẹ nítorí pé a sáré sá a sóòrùn.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, pẹ̀lú àwòrán àti ọjọ́ tí a ṣe é, mo sì mú un padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò fọwọ́ sí pláànù náà, kò sì yẹ kí ó fọwọ́ sí i nítorí ìwé mi nìkan. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, ó ka á tán, ó sì béèrè iye ẹrù tí ògiri náà lè rù kí ó tó fọ́. Mi ò tíì wọn ìyẹn. Bíríkì méjìlá ti wà lábẹ́ òjìji nísinsìnyí, tí wọ́n ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ tán, màá kó wọn lọ sí yunifásítì tí ó ní ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ wọ́n fọ́. Màmá ní òun yóò dúró.