Ráàmù mẹ́rin kọ̀ láti gbé pọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) irú DDR5 méjì kún méjì tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ni o. Mo tẹ bọ́tìnì, fáànù ń yí, àmọ́ ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Iná kékeré kan tí wọ́n kọ DRAM (ráàmù náà ni) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, kàn ń wò mí ṣùn-ùn.

Mo yọ gbogbo wọn, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà. Gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́! Àfi bí orogún: ẹnì kọ̀ọ̀kan dáa, àpapọ̀ wọn nìjà.

Mo wọ BIOS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, mo pa EXPO, ètò tó ń mú kí ráàmù sáré kọjá ìwọ̀n àtilẹ̀wá, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo tàn án, mo wá fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù DDR5 máa ń kọ́kọ́ yẹ ráàmù tuntun wò fúnra rẹ̀ kí àwòrán tó jáde, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọwọ́ ń yún mi láti pa á, ẹ má purọ́ fún mi, tiyín náà á yún yín. Bí mọ́nítọ̀ ṣe tàn báyìí, igbe ni mo fi bọnu!

64GB pé, àmọ́ eré rẹ̀ já láti 6000 MT/s (iye mílíọ̀nù ìgbà tó ń gbé dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 3600. Ẹ̀yin tó ń lo mẹ́rin, ṣé tiyín ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ?