Èmi Kọ́ Ni Mo Jẹ Ewùrà, Ewùrà Ló Jẹ Mí

Bùkà kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Tí òórùn ẹja Ọjà Olúwo bá ti ń kàn ọ́ nímú, o ti sún mọ́ ọn. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé kan ni: tábìlì 2, bẹ́ǹṣì 3, ó parí. Màmá tó ni ín kì í bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ. Ohun tí ìgbà bá mú wá ló ń sè. Nígbà òjò, ìgbín àti ẹ̀bọ̀lọ̀ ni, olú oko náà a sì máa yọjú lọ́jọ́ tó bá wù ú. Tí ọyẹ́ bá dé, tí àgbálùmọ̀ kún ọjà, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata ẹ̀pìyà, wàá máa lá ètè títí dé ilé. Àmọ́ ewùrà ló mú mi mọ ibẹ̀. Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń wà á, láti ìgbà náà títí òjò tuntun yóò fi máa ṣú, ìkòkoré lónìí, ìkòkoré lọ́la.

Mo ti fi ìkòkoré yìí yangàn fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, àmàlà ni wọ́n gbà ní oúnjẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kìíní, a kírun tán, a forí lé bùkà. Màmá ní ká má bínú, ọmọ tó ń bá àwọn rin ewùrà kò wá, yóò pẹ́ díẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti kó bá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ gbé e wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìdí ewùrà ni wọ́n bí mi sí."

Màmá wo jálámíà funfun tó wà lọ́rùn mi. "Àlùfáà, ẹ fi epo pa ọwọ́ yín dé ìgbọ̀nwọ́ ná."

Epo pupa kẹ̀? Sára aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀? Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Ewùrà ọ̀hún tó kìlógíráàmù 2, ó tó èèyàn 5 jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rin ín, kó bó èèpo rẹ̀ nípọn, torí abẹ́ èèpo ni ohun tó ń yúnni pọ̀ sí jù. Kó fọ̀ ọ́, kó sì nù ún gbẹ, kó má baà máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi ń rin ín, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré. Ojú ńlá á sọ ọ́ di ṣákaṣàka. Iyọ̀ díẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi sí i, kò tún gbọdọ̀ rí omi mọ́, torí èyí tó wà lára rẹ̀ ti tó. Isu funfun kò ní irú omi tó ń fà bí ilá bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ìkòkoré tó dáa.

Omi tó ń fà yẹn gan-an lọ̀tá. Calcium oxalate wà nínú rẹ̀, ó rí bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, ó sì ń gún awọ ara. Epo ni kì í jẹ́ kó ráyè wọlé. Gbogbo eléyìí ni mo mọ̀ ní àmọ̀dunjú. Mo kàn fẹ́ràn jálámíà mi ju ọwọ́ mi lọ ni.

Mi ò tíì rin ín dé ìdajì tí àárín ìka fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó gun ọrùn ọwọ́. Mo fi ọwọ́ kan náà họ ọrùn, ọrùn gbà á. Ìrùngbọ̀n ní òun náà ò gbẹ́yìn. Eṣinṣin kan bà lé mi létí, mo gbá a. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè etí.

Ọ̀gá mi na ọrùn láti orí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ijó ni?"

"Rárá o, sà. Bí wọ́n ṣe ń rin ín nìyẹn."

Kí n tó rin ín tán, ata màmá ti wà lórí iná: tàtàṣé 3, rodo 4, àlùbọ́sà ńlá 1, gbogbo rẹ̀ lílọ̀, epo pupa ife kékeré kan, edé, omi ẹja, àti ọ̀bọ̀kún yíyan tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀ kúrò. Àfi kó hó kùtùkùtù kí wọ́n tó máa fọwọ́ bu ewùrà sí i, ìwọ̀n ẹyin awó, lọ́kọ̀ọ̀kan, káàkiri ojú ìkòkò. Bí ọbẹ̀ kò bá tíì hó, ńṣe ni yóò yọ́ dànù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dé e, wọ́n á dín iná kù, ó di ìṣẹ́jú 15, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan kàn án. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá le tán ni wọ́n ń rọra rò ó, kí díẹ̀ yọ́ mọ́ ọbẹ̀, kí èyí tó pọ̀ ṣẹ́ kù ní kókó-kókó. Àwọn kókó yẹn ni ìkòkoré. Tí wọn ò bá sí, orúkọ míì ni kẹ́ ẹ wá fún un.

Màmá dé ìkòkò, wọ́n yà sí òdìkejì títì lọ ra ọ̀rá. Mo ṣí ìdérí díẹ̀, oru gbígbóná fẹ́ sí mi lọ́wọ́, yíyún náà sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ara ń yún, tó wá rí ìtura, ṣé ó máa ń yára kúrò níbẹ̀? Mo wá nǹkan tí màá máa ṣe kí ọwọ́ mi lè pẹ́ nínú oru. Ọmọrógùn wà nítòsí. Mo rò ó. Mo tún un rò. Ó dùn mọ́ mi.

Màmá dé, wọ́n yọjú wo inú ìkòkò, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Àlùfáà, ẹ ti pa á."

Ohun tó dùn mí jù ni pé màmá kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Àwọn ló ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń ro ìkòkoré! Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n da epo pupa sí i, wọ́n fi pa á dáadáa, wọ́n wá ní kí n máa yá a níná. Epo ṣàn wọnú apá jálámíà méjèèjì, ó dé abíyá.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó dán, ó jọ̀lọ̀, kò sí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi yí àwo sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. "Àmàlà tí wọ́n po ata mọ́ rèé." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀bà, wọ́n ní ó ti tutù, kí màmá lọ tẹ òmíràn. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀bà tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kí kíkan gaàrí Ìjẹ̀bú lè pàdé ooru ata. Wọ́n wo ọwọ́ elépo tí mo fi ń ṣàlàyé, wọn ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní kí wọ́n bù sí i.

Àwo mẹ́ta la jẹ, màmá gba owó mẹ́rin. Wọ́n ní ẹ̀kẹrin ni owó epo.

Lọ́jọ́ Ajé, mo na ọwọ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n na sí mi.