Irú ẹwà báyìí, ó mà ṣòfò o

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá alákàrà kan ò jẹ́ kí n sùn.

Òwúrọ̀ kọjá bó ṣe máa ń kọjá: kíláàsì, ìwé ìdánwò, oòrùn. Nírọ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi gbé awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n mú iná lọ, inú mi dùn, nítorí ojú ọ̀run mọ́ lẹ́yìn òjò, Saturn, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tí òrùka yí ká, sì ti gòkè dáadáa.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ tò. Lẹ́yìn wọn ni ìyá náà dìde nídìí agbada rẹ̀. Ó fi ìṣẹ́tí ìró nu epo lọ́wọ́, ó tún un nù kó tó fọwọ́ kan awò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó tẹjú ọ̀tún mọ́ ọn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò séèyàn níbẹ̀, màmá."

Ó tún wò ó. "Irú ẹwà báyìí, ó mà ṣòfò o."

Ṣòfò. Lọ́dún 2025, òrùka Saturn fi ẹ̀gbẹ́ kọ wá, ó tín-ínrín débi pé èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ká ní ìgbà yẹn ló wò ó ni, bóyá kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣí padà báyìí, ó sì rẹwà lóòótọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ lé ní 270,000 kìlómítà, síbẹ̀ kò nípọn tó 100 mítà lọ́pọ̀ ibi. Omi dídì ló pọ̀ jù níbẹ̀, òmíràn kéré bí iyanrìn, òmíràn tó ilé.

Kò ṣòfò. A ti lọ wò ó. Cassini, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run láìsí èèyàn nínú rẹ̀, débẹ̀ ní 2004, ó sì ń yí i po fún ọdún mẹ́tàlá. Àbí wíwò tiwa ni kì í jẹ́ kí ẹwà ṣòfò ni? Òrùka yẹn ti wà níbẹ̀ kí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, tó gbé awò kọ ọ́ ní 1610, tí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń wò. Nígbà tí wọ́n ń tẹ Ọ̀yọ́ Ilé dó, ó wà níbẹ̀. Ta ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ nígbà náà?

Òótọ́ tiẹ̀ lè wà lẹ́nu màmá ju bó ṣe rò lọ. Omi dídì yẹn ń rọ̀ sínú Saturn díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí òrùka náà tán kí 300 mílíọ̀nù ọdún tó pé. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Lálẹ́ yìí, ó dùn mí.

Kò séèyàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Enceladus wà níbẹ̀, òṣùpá kékeré tó fẹ̀ tó nǹkan bí 500 kìlómítà, òkun wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀, omi sì ń tú jáde ní ìhà gúúsù rẹ̀. Tìtorí irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe darí Cassini wọnú Saturn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2017, kó jóná síbẹ̀, kó má lọ kó kòkòrò àìfojúrí ayé wa wọnú omi yẹn lọ́jọ́ kan. Wọ́n sun ọkọ̀ iyebíye nítorí ohun ẹlẹ́mìí tó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀ rárá. Mo fẹ́ràn ọmọ aráyé fún ìyẹn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Ohun tí n ò tíì sọ ni pé màmá padà wá. Oníbàárà ń ké sí i, epo ń gbóná lórí iná, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, ó tún tẹjú mọ́ awò.

Kí ọyẹ́ tó dé kó fi eruku bo ojú ọ̀run, mo fẹ́ padà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ awò náà tó kán, okùn ni mo ṣì fi dì í. Ẹni tó bá mọ wẹ́dà tó lè rọra bá mi jó o pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.