Kí ẹ tó kó pàǹtí jọ fún iṣẹ́ ọnà, ẹ mọ ohun tí ẹ máa fi so ó pọ̀

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí máa ń bi mí pé kí ni kí wọ́n kó jọ. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Kí ló máa mú nǹkan wọ̀nyí mọ́ra? Látìgbà tí mo ti ń fi ìdérí ìgò, agolo, ike àti ọ̀rá ṣe iṣẹ́ ọnà tó ń gba odidi yàrá, ojú ìsopọ̀ ni mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ń bà jẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń rí i tó ń dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gọ́ọ̀mù, torí òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sá bá. Ike kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, ẹ máa rí nọ́ńbà kékeré kan láàárín ọfà mẹ́ta. Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀, láti 1 dé 7. Ìgò omi àti ẹlẹ́rìndòdò sábà máa ń jẹ́ 1, kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ọṣẹ olómi 2, ọ̀pọ̀ ọ̀rá 4, ìdérí ìgò 2 tàbí 5. Gọ́ọ̀mù kì í ráyè dì mọ́ 2, 4 àti 5, ọ̀dà gan-an máa ń bó lára wọn. Ó lè mú lónìí, kó dúró digbí lójú yín, àmọ́ tí yàrá bá móoru tó tún tutù, ẹ ó kàn máa gbọ́ tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, omi máa sọ fún yín. Ẹ gé díẹ̀ lára ike náà, ẹ jù ú sínú abọ́ omi tí ẹ kán ọṣẹ sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí atẹ́gùn má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn láti fi ìgò omi kan àti ìdérí rẹ̀ han àwọn tí mò ń kọ́: ègé ìgò á lọ jókòó sísàlẹ̀, ègé ìdérí á gòkè wá léfòó, bẹ́ẹ̀ ọrùn kan náà ni wọ́n jọ wà. Èyí tó bá léfòó, ẹ gbàgbé gọ́ọ̀mù lórí rẹ̀, ẹ lu ihò sí i. Fóòmù funfun náà máa ń léfòó o, ṣùgbọ́n atẹ́gùn inú rẹ̀ ló gbé e. Gọ́ọ̀mù tí asitóònù, irú nǹkan olómi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, wà nínú rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ bí iyọ̀ inú omi. Nọ́ńbà 3, ìyẹn PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, iná ò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Tó bá gbóná jù, gáàsì tó ń jẹ ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń tú jáde.

Wáyà ni mo gbára lé jù, oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ El Anatsui sì ti fi ibi tó lè gbé èèyàn dé han gbogbo ayé. Gánà ni wọ́n ti bí i ní 1944, yunifásítì Nsukka ní Nàìjíríà ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni. Ìdérí ìgò ọtí àti òrùka ọrùn ìgò ni òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n ń fi wáyà bàbà rán mọ́ra. Torí pé rírán ni wọ́n rán an, iṣẹ́ tó gùn ju ògiri lọ ṣeé ṣẹ́ po sínú àpótí, tí wọ́n bá sì tún un gbé kọ́ níbòmíràn, ìṣẹ́po rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́dún 2015 fún gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, ní 2023 iṣẹ́ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní London. Lójú tèmi, ìdérí ìgò kọ́ ló gbé e débẹ̀, torí kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tó ìdérí ìgò. Ìránṣọ yẹn ni.

Àmọ́ alumíníọ́mù ni irú ìdérí bẹ́ẹ̀, tí bàbà bá sì fara kan alumíníọ́mù níbi tí ọ̀rinrin wà, alumíníọ́mù ló máa jẹrà. Nínú yàrá gbígbẹ, kò sí wàhálà. Níta gbangba, wáyà alumíníọ́mù tàbí èyí tí wọ́n fi ike bò ni kí ẹ lò.

Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ààtàn kọ́ ni wá. Ẹ máa kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ rẹpẹtẹ sàn ju ọgọ́rùn-ún oríṣi lọ. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, to kẹ́ẹ̀gì 304 sílẹ̀ bí ẹrú nínú ọkọ̀ ojú omi, British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní London, sì rà á ní 2007. Irú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá ẹnubodè ni. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu kí oníṣẹ́ ọnà tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ bá mú, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣúgà ìdí agolo kan ṣoṣo lè pe èèrà wọ gbogbo àfihàn.

Ti gbígbé kọ́ sókè ńkọ́? Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀, kí ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa ilé léèrè kí ẹ tó fi ohunkóhun há àjà. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná gílóòbù tó ń gbóná, torí ike ń jó, ó sì ń kán sílẹ̀ bó ṣe ń jó. Ọ̀rá tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́ á gbó, á máa fọ́ wẹ́wẹ́, tí yóò tún wá di ìdọ̀tí tí a ò lè ṣà mọ́.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ gọ́ọ̀mù nìyí. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń rí ẹni rà á. Èyí tí a fi wáyà so, a lè já a, kí agolo padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin, kí ike lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ike, kí ìyókù padà sínú àpò fún iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí a da gọ́ọ̀mù tó le koránkorán bò, tí irin, ike àti aṣọ ti di ọ̀kan nínú rẹ̀, àwọn aṣàtúnlò kì í gbà á.